Díìsì Tí Sàlímátù Ṣẹ́

Bí mo bá rántí ọ̀sẹ̀ yẹn, inú ṣì máa ń bí mi. Inú ń bí mi sí dókítà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lẹ́nu, ó ń bí mi sí ilé àyẹ̀wò tí kì í fọwọ́ kan nǹkan ẹlòmíràn, ó sì ń bí mi sí Sàlímátù ju gbogbo wọn lọ, nítorí èmi ni mo ń tẹ̀ lé e kiri Abidjan tí mo ń bá a bẹ gbogbo ẹni tó bá bú. Èmi Gàfárù, tí n kò fẹ́ràn ẹ̀bẹ̀ rárá.

Aránṣọ ni mí, ọmọ Ìgbòho. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Koumassi, àdúgbò kan ní Abidjan, lẹ́yìn ọjà, pákó lásán ló sì pààlà èmi àti Sàlímátù. Bí ó bá sín, èmi ni mo máa ń ṣàdúà fún un láti ẹ̀yìn pákó. Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Treichville, ní Abidjan kan náà, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ Faransé àti èébú. Làtífù ọkọ rẹ̀, ará ìlú mi ni. Aṣọ ló ń tà, ojú ọ̀nà Ṣakí ló sì sábà máa ń wà. Bó bá ti ń lọ ni yóò wí fún mi pé, "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi mójú tó Sàlímátù àti ọmọ." Kò ní kí n bá òun mójú tó ẹnu Sàlímátù rí. Ó mọ̀ pé n kò ní gbà.

Photocopy, lẹ́tà títẹ̀ àti díìsì ni iṣẹ́ obìnrin yìí. Díìsì ló fi lórúkọ. Àwọn kọ̀ǹpútà pelebe tuntun tí gbogbo ènìyàn ń gbé kiri kò ní ibi tí à ń ti díìsì bọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ díìsì ṣì kún ilé wa: ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti wáàsí àwọn àlùfáà láti ilé. Ọ̀dọ̀ Sàlímátù ni wọ́n ń kó wọn wá, kó lè bá wọn dà á sórí clé, irin kékeré bí ìka tí à ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jẹ́ àpótí dúdú gbàǹgbà kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí tábìlì, tó sì ní lecteur, ẹnu tó máa ń yọ jáde gbọọrọ láti gbé díìsì mì. "Tàwọn yòókù ti yadi," ni Sàlímátù máa ń wí. "Tèmi ṣì ń sọ̀rọ̀."

Láràárọ̀, kó tó tan iná sí i, yóò gbálẹ̀, yóò ṣe Bísímílà, yóò fi ẹyin iná sínú ìkòkò amọ̀ kékeré kan, yóò da tùràrí sí i, yóò sì gbé ìkòkò náà ka orí àpótí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo àwa tí à ń tajà níbẹ̀ ló ń jó tùràrí kí ọjà lè ní alùbáríkà. Ẹ̀gbẹ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń gbé tèmi sí. Ìyá Sàlímátù, nígbà tó ń ta ìrẹsì ní Treichville, orí òṣùwọ̀n ló ń gbé e lé. "Ohun tó bá ń bọ́ ọ ni kó o fún ní òórùn dídùn," bẹ́ẹ̀ ló kọ́ ọmọ rẹ̀. Bó bá wá di ọjọ́ Jímọ̀, Sàlímátù a da tùràrí náà débi pé èmi tí mo wà lẹ́yìn pákó yóò máa wúkọ́.

Ìbínú rẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin kan wá gba lẹ́tà tí Sàlímátù bá a tẹ̀, ó ní ó kọ orúkọ òun sódì. Sàlímátù ní kó lọ bi bàbá rẹ̀ bóyá òun ló sọ ọ́ lórúkọ sódì. Ọ̀gá iléèwé ni ọkùnrin náà o! Bí iná mànàmáná bá lọ, yóò jáde sí títì, yóò máa wá ẹni tó máa bú. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó kàn ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ló bà á jẹ́. "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé," ni òwe tó wà lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í sinmi títí yóò fi rí ìka náà.

Juwairiyyah nìkan lọmọ tó bí. Juwa ni à ń pè é. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Bí o bá bá a sọ Yorùbá, Faransé ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ẹ̀yìn ọmọ náà ń wọ́. Èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ, èmi ni mo sì kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, nítorí èmi ni mo ń rán aṣọ iléèwé rẹ̀, etí aṣọ náà kì í sì í gún régé mọ́, bó ti wù kí n fara balẹ̀ gé e tó. Nígbà tó yá, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé bó bá gun àtẹ̀gùn. Àwọn dókítà ní eegun ẹ̀yìn ló ń tẹ̀ lọ sára fùkù, pé iṣẹ́ abẹ ló lè gbà á.

A wá gbọ́ pé oníṣẹ́ abẹ kan ń ti òkè òkun bọ̀ wá sí ilé ìwòsàn kan ní Cocody. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá. Yóò wo fọ́tò eegun àwọn ọmọ tó ní irú àìsàn yìí, yóò sì yan àwọn tó máa ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò pa ìwé orúkọ dé. Ọmọ tí dókítà náà kò bá rí fọ́tò rẹ̀ kó tó di ìgbà náà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé ẹ̀yìn tó ń wọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọdún tó ń bọ̀?

Ní ọjọ́ Àtìní, ilé àyẹ̀wò kan ní Cocody ya fọ́tò eegun Juwa, wọ́n fi díìsì lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. A gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ náà. Akọ̀wé dókítà wo díìsì náà bí ẹni rí owó ayé àtijọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà ọ̀gá òun kò ní lecteur, kí a dà á sórí clé wá. Sàlímátù rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn nìkan?" ló wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé!"

Àárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà, ó ti díìsì bọ lecteur. Ẹ̀rọ náà hó, ó lọ̀ ọ́ gìrì-gìrì, ó dákẹ́, ó tún lọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé kí wọ́n fi díìsì sí i. Díìsì tó wà lẹ́nu rẹ̀! Sàlímátù yọ ọ́, ó fi etí ìborùn nù ún láti àárín lọ sí etí, ó tún un tì bọ̀. Gìrì-gìrì. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tan. Ó yọ okùn tó so lecteur mọ́ inú àpótí, ó fi òmíràn sí i. Gìrì-gìrì kan náà. Mo ní kó fi díìsì mìíràn dán an wò. Ó fi wáàsí kan tó ti wà nílẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ náà kò mọ àlùfáà yàtọ̀ sí eegun.

Mo ní, "Sàlímátù, kò ka èyí náà. Àbí ẹ̀rọ yìí ló ń ṣàárẹ̀?"

"Wáàsí yẹn ti gbó ni! Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ẹ̀rọ mi."

"Ìyàwó alápatà tó gbé díìsì ìgbéyàwó wá níjọsí ńkọ́? O ní tirẹ̀ náà ti bàjẹ́."

"Ó ti bàjẹ́ náà ni! Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí!"

Saliou gbọ́ ariwo wa. Ọmọ Dioula ni, fóònù ló ń tún ṣe ní òdìkejì gọ́tà. Ó wọlé, ó gbọ́ bí lecteur ṣe ń lọ̀, ó sì ní, "Vieille mère, faut on va ouvrir," pé kí a tú u, pé ojú rẹ̀ ti dọ̀tí nínú. Sàlímátù gbaná jẹ. Ó ní ojú ta ló dọ̀tí? Ẹ̀rọ tí òun ń gbá ìdí rẹ̀ láràárọ̀, tí òun ń fi tùràrí kí? Ó lé Saliou jáde, ó sì ní ilé àyẹ̀wò ló fi díìsì ayédèrú rẹ́ òun jẹ nítorí pé Koumassi ni òun ti wá. Inú bí mi. Mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sì rán apá aṣọ kan mọ́ ibi ọrùn.

Ní Àlàrùbá, a padà sí Cocody. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn kọ́ńtà níbẹ̀ ń jẹ́ Lydie. Ó ti díìsì náà bọ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Chez nous ça passe, Madame." Lọ́dọ̀ tiwọn, ó ń ṣí. Sàlímátù ní kó wá bá òun dà á sórí clé. Lydie ní òfin kò gbà á. Àwọn kì í ti clé ẹlòmíràn bọ ẹ̀rọ àwọn, nítorí kòkòrò tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ó ní òun lè ṣe díìsì mìíràn fún wa, ó sì ṣe é. Ẹ wò ó, òfin yẹn ká mi lára. Ọmọ ń mí gúlegúle níwájú yín, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kòkòrò! Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́, mo sì fa Sàlímátù jáde kó tó la ẹnu.

A délé, ó ti èkejì bọ̀ ọ́. Gìrì-gìrì.

Tí ẹ bá gbọ́ ohun tí Sàlímátù ń sọ nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó gbé wa padà sí Cocody ní Àlàmísì, ẹ ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní í dáa. Juwa jókòó láàárín wa, ó fi báàgì iléèwé bo ojú. Nígbà tí a dé ilé àyẹ̀wò, àwọn ènìyàn tò, Sàlímátù kò rí wọn. Ó kó díìsì méjèèjì lé kọ́ńtà, ó ní kí Lydie sọ fún òun ẹni tó rán an sí ọmọ òun. Lydie tún fẹ́ fi han án pé ó ń ṣí. "N kò fẹ́ẹ́ rí i!" ni Sàlímátù pariwo. "Ojoojúmọ́ layé mi ni mo ń ka díìsì! Kí ni ìwọ mọ̀ nípa díìsì? Menteuse! Òpùrọ́! Olè!" Lydie ní òun kì í ṣe olè, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Sàlímátù di díìsì méjèèjì pọ̀, ó fi agbára tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì dún pàú, wọ́n ṣẹ́. Èérún wọn fò dé ojú àwọn tó ń dúró. Ọ̀kan gé e lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ kán sórí kọ́ńtà àti sórí táìlì. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbá wa jáde.

Mo ti bẹ ènìyàn pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n níta ilé àyẹ̀wò náà, n kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní, "Sàlímátù, ṣé ọmọ rẹ lo fẹ́ wò sàn ni, àbí ẹni tó o máa bú lò ń wá?" Ó yíjú sí títì, ó dá gbaka dúró. A wọ̀ ọ́ padà sí Koumassi.

Juwa ló lọ pe Saliou. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kọjá gọ́tà pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ tó wọ́, ó sì fà á lọ́wọ́ wá. Sàlímátù jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó fi ìborùn di ọwọ́ tó gé, kò sì lé e jáde lọ́tẹ̀ yìí. Saliou tú lecteur náà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ó ṣí i, ó sì fi ìka hàn wá: ojú gíláàsì kékeré kan, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń ka díìsì ti ń jáde. Ó yẹ kó máa dán. Nǹkan ti bò ó, ó dúdú bí gíláàsì fìtílà tí wọn kò nù. Saliou fi òwú kan án, ó gbé e sí imú. Ó rẹ́rìn-ín.

"Mais ça, c'est wusulan!"

Wusulan ni àwọn Dioula ń pe tùràrí. Èmi náà gbóòórùn rẹ̀. Òórùn Jímọ̀ ni, òórùn ṣọ́ọ̀bù Sàlímátù gan-an. Saliou ṣí ìdérí àpótí náà: fáànù tó ń fa atẹ́gùn wọlé sínú kọ̀ǹpútà wà ní òkè gan-an, lábẹ́ ibi tí ìkòkò amọ̀ máa ń jókòó sí. Gbogbo èéfín tí Sàlímátù ti ń fi kí ẹ̀rọ náà láràárọ̀, inú ló ń fà á sí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Saliou fi òwú tí ó rẹ sínú sípíríìtì nu gíláàsì náà títí ó fi dán. Ó tò ó padà. Ó fi wáàsí sí i. Gìrì-gìrì díẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn àlùfáà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí àwọn ará Ìgbòho ṣe kábárà. Inú mi dùn débi pé mo ṣe kábárà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀yìn náà ni mo wo Sàlímátù. Ọwọ́ rẹ̀ tí ó dì ló ń wò. Ẹ̀rọ ti ń ka díìsì. Kò sí díìsì mọ́.

N kò mọ bó ṣe máa padà dojú kọ Lydie. Ní gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kó ní òun jẹ̀bi rí. Bí ó bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ló wà níbi tí kò yẹ.

Àárọ̀ Jímọ̀, kò jó tùràrí. Ó yọ gbogbo okùn ara kọ̀ǹpútà, ó fi ìró wé àpótí náà, ó gbé e sí itan nínú taxi. Ó ní kò sí àyè láti máa bọ̀ ní Koumassi kí a tún máa padà sí Cocody. Ibi tí wọ́n bá ti fún òun ní díìsì ni òun yóò ti kà á. Saliou gbé ojú kọ̀ǹpútà, èmi di Juwa mú. Ẹ̀ṣọ́ tó gbá wa jáde lánàá rí wa, ó dìde. Ẹrù tí a gbé ló mú kó dúró, kó máa wò wá. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní nínú mi pé tí Sàlímátù bá tún la ẹnu láti bú ẹnìkan, èmi fúnra mi ni n ó fi ìró yẹn dí i.

Lydie wà lẹ́yìn kọ́ńtà. Ó rí Sàlímátù tó ń bọ̀, ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Sàlímátù dé iwájú kọ́ńtà náà, a kò sì rí i mọ́. Kọ́ńtà ga, Lydie na ọrùn, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó bi mí ibi tí ìyá náà wà: "Elle est où, la dame?" Juwa ló dá a lóhùn.

"Elle est à genoux, Tantie. Chez nous, c'est comme ça on dit pardon." Ó ní ó kúnlẹ̀ ni, pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ wa.

Lydie dìde, ó yọjú sí ìsàlẹ̀, ó sì rí i: Sàlímátù, ọmọ ará Ìsẹ́yìn, lórí eékún rẹ̀ méjèèjì, lórí táìlì tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sí lánàá. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Bóyá ó bẹ̀rù ohun tó máa jáde. Lydie yí kọ́ńtà ká, ó fà á dìde, ó ní, "Maman, y a pas drap, lève-toi," pé kò sí wàhálà. Ó jọ pé omi wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó ṣe díìsì tuntun.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: a bá dókítà kó tó pa ìwé orúkọ dé, ó sì gba ọmọ náà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Etí aṣọ iléèwé rẹ̀ ti ń gún díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ìtàn mi ń lọ.

Nínú yàrá ìdúródè ilé àyẹ̀wò yẹn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tútù, níbi tí Lydie ti fi ihò iná hàn wá. Àwọn tó ń dúró de àyẹ̀wò yí wa ká. Saliou so àwọn okùn, Sàlímátù ti díìsì bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Gìrì-gìrì, ó sì ṣí. Ó ti clé bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń dà á. Nígbà tó parí, Saliou tẹ ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà láti mọ̀ bóyá ó pé. Eegun ẹ̀yìn Juwa jáde, funfun nínú dúdú. Ó ti òkè wá dáadáa, ó dé àárín, ó wá yà gbàà bí ọ̀nà tó ń yà fún àpáta, ó tún padà.

A kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Lábẹ́ aṣọ, ó kéré. Sàlímátù wò ó. Mo rí i tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí ojú rẹ̀ pọ́n, bó ṣe máa ń rí kó tó dojú ìjà kọ ènìyàn. Ó yíjú sí Lydie. Ó yíjú sí Saliou. Ó wo èmi, ó wo àpótí dúdú tó ti ń fi èéfín bọ́.

"Ta ló ṣe é?" ló wí ní Yorùbá. "Ta ló ṣe eléyìí fún ọmọ mi?"

Lydie bi mí ohun tó sọ. Kí n tó túmọ̀ rẹ̀, Juwa, tó máa ń fi Faransé dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀, fi Yorùbá dáhùn èyí, ó ń wá àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kò sí ẹni, Maman. Kò sí ẹni tó ṣe é."

Sàlímátù yọ clé náà, ó dì í mọ́ etí ìborùn, ó sì di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, a jáde lọ bá dókítà.